Ẹ fi gbèsè hàn wá kí ẹ tó fi ìbọn hàn wá: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ ya fíìmù ọ̀daràn ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò wa,

A kí yín kú iṣẹ́, a sì kí yín kú ìnáwó. Iná, ohùn, kámẹ́rà àti ìwé eré ni iṣẹ́ àwa tí a kọ lẹ́tà yìí. A gbọ́ pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ ya fíìmù ọ̀daràn tó ṣókùnkùn, tí kò sí olówó ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀, nípa ọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ayé fi há mọ́ ọn. Inú wa dùn sí i. Ìlú tí Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti ayàwòrán, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962 kò yẹ kó máa wo ojú Èkó kó tó sọ ìtàn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn ìwé eré tí ẹ ń gbé kiri, a sì fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba kí ẹni tí kò mọ̀ wá náà lè rí i kà.

Ní ojú ìwé kìíní, tálákà ni ọkùnrin yẹn. Ní ojú ìwé kẹwàá, ìbọn ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò sí níbẹ̀. A kò mọ iye gbèsè tó jẹ, a kò mọ ẹni tó ni owó, a kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹ wá ń retí pé kí àyà òǹwòran máa já. Kò lè já. Ìṣirò ló ń bí ẹ̀rù nínú irú fíìmù yìí: iye tó yẹ kó san, iye tó wà lápò rẹ̀, àti wákàtí tó kù.

Ẹ jẹ́ ká mú wẹ́dà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì ní Òkè-Baálẹ̀. Ìlú yìí mọ irin dáadáa. Ilé iṣẹ́ ìrọ́ irin mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ kọ́, Òṣogbo ni ọ̀kan wà, àwọn méjì yòókù wà ní Jos àti Katsina. Bàbá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Fọ́tò bàbá pẹ̀lú akoto lórí, tí ọmọ kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ti sọ gbogbo rẹ̀ láìlo ọ̀rọ̀ kan.

Oníbàárà kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Tàmẹ̀dù, wá gbé iṣẹ́ gétì wá, ₦450,000. Ó san ₦300,000 ṣáájú. Páìpù, páànù, híńjì, ẹlẹ́tíróòdù àti ọ̀dà ló yẹ kí owó yẹn rà. Ṣùgbọ́n gétì Lágbájá tó ti sanwó ní oṣù tó kọjá ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà owó Tàmẹ̀dù ló fi ra irin Lágbájá. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ eléyìí: télọ̀ ń ṣe é, káfíńtà ń ṣe é. Ó ń rìn níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ tuntun bá ń wọlé tí owó irin kò sì kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ tí irin bá gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ọmọ bá wọ ọsibítù, gbogbo rẹ̀ á dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kíyè sí i pé ẹni burúkú kankan kò tíì wọ inú ìtàn yìí. Onígétì fẹ́ gétì rẹ̀, wẹ́dà sì fẹ́ ṣe é. Kò sóhun tó mú wa gbà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ lọ yá owó gbọ́mú-lé-lántà. Ẹ fi sí ₦200,000, kó máa san ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24: ₦240,000 lápapọ̀. Wọ́n ti yọ owó fọ́ọ̀mù àti owó ìfipamọ́ kí ìyókù tó bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí náà kò rí ₦200,000 náà rí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni sísan bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó fi owó náà ṣe kò sì tíì mú kọ́bọ̀ wọlé. Orúkọ ìyàwó ló wà nínú ìwé. Bí ó bá kùnà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ yá owó ni yóò san án.

Ìpàdé ẹgbẹ́ yẹn ni kí ẹ náwó àti àkókò lé lórí. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, obìnrin mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn mẹ́sàn-án ti san tiwọn. Òṣìṣẹ́ tó wá gbowó kò bínú, kò pariwo. Ó kàn de ìwé rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní dìde títí owó yóò fi pé. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lọ pàtẹ ní Ọjà Ọba, ọmọ òmíràn ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ẹ má fi orin sí i. Kí kámẹ́rà dúró sójú kan, kí a máa gbọ́ ìgbálẹ̀ aládùúgbò lóde. Lẹ́yìn náà kí ọkọ dé, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo ojú yí sí i. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni àwọn àgbà wí. Òǹwòran tó bá rí ojú ọkùnrin yẹn kò ní béèrè ìdí tó fi ṣe ohun tó ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kẹta.

Inú iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti jáde. Wẹ́dà kò ní ṣàdédé di adigunjalè. Òun ló jó irin fèrèsé ṣọ́ọ̀bù onípíọ́ọ̀sì kan ní ọdún tó kọjá. Ọjọ́ tó jó o, iná NEPA rẹlẹ̀, kò gbé máṣíìnì dáadáa. Ẹlẹ́tíróòdù géèjì 12 ń lẹ̀ mọ́ irin dípò kó yọ́ wọnú rẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀ báyẹn, ojú ìjó, ìyẹn ibi tí irin méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, máa ń wú jọ lókè láìwọlé, ìdàrọ́ á sì há sábẹ́ rẹ̀. Ó fi fáìlì gé e kó tẹ́jú, ó fi ọ̀dà bò ó, ó gbowó rẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀ ibẹ̀. Báyìí, àbùkù iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé. Bí òǹwòran bá rí ojú ìjó yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, nígbà tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti sin ohun kan sílẹ̀ tí ẹ óò wú jáde lẹ́yìn wákàtí kan.

Ẹ tún mọ òfin tí ẹ ń kọ ìtàn lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ìwé eré ti máa ń tú jùlọ. Lábẹ́ òfin ìdigunjalè ilẹ̀ wa, ẹni tó fipá jalè láìmú ohun ìjà dání, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 ni tirẹ̀. Bí ó bá mú ohun ìjà dání, tàbí tí ẹni tí wọ́n jọ lọ bá mú un dání, ikú ni. Ohun ìjà kò sì mọ sórí ìbọn. Ohunkóhun tí èèyàn mú dání láti fi ṣe ẹlòmíràn léṣe ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wá wo àpò irinṣẹ́ wẹ́dà: òòlù, ṣísẹ́ẹ̀lì, àgékù ọ̀pá irin. Alẹ́ ọjọ́ tó ń pinnu èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀, ìwàláàyè rẹ̀ ló ń wọ̀n láìmọ̀. Ẹ kò nílò ìbọn kankan.

Onígétì náà lè lọ mú ọlọ́pàá wá, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan péré láti gbé afurasí dé iwájú adájọ́ bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ilé ẹjọ́ kò sì wọ́n ní Òṣogbo. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹ lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan nínú eré náà mọ̀ pé kò bófin mu, kí ìmọ̀ yẹn sì ná an ní nǹkan.

Bí ẹ bá takú pé ìbọn gbọ́dọ̀ wà, ẹ gbẹ́ ẹ ní igi tàbí kí ẹ fi rọ́bà ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa tọ́jú rẹ̀, kó máa kó o sínú àpótí lẹ́yìn gbogbo ìran. Ìró àti iná ẹnu ìbọn, ibi tí a ti ń gé fíìmù ni ká ti fi wọ́n sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, ìbọn tí wọ́n ti sọ pé kò léwu pa Halyna Hutchins tó ń darí kámẹ́rà, níbi tí wọ́n ti ń múra ìran kan sílẹ̀. Iléeṣẹ́ tó lówó ju tiwa lọ ni. Ní tiwa, ẹ kọ lẹ́tà sí DPO àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù dání sójú iṣẹ́, kí ẹ sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn àti baálẹ̀ àdúgbò náà. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó mú nǹkan dúdú lọ́wọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ lábẹ́ afárá Ọláìyá kò ní ráyè ṣàlàyé pé eré ni.

Ó kan òkùnkùn fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ ń pa iná, ẹ sì ń ní ẹ ti ya alẹ́. Òkùnkùn inú fíìmù, iná ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí iná kò bá tó, kámẹ́rà á kún fún èérún, ojú á rí wúruwùru, ohun tí ẹ lè ṣe sí i lórí kọ̀ǹpútà kò sì pọ̀. Ẹ fún ojú ní iná tó, kí ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú.

Awọ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nípa iná tó kọlù ú tààrà láti iwájú. Ìdán tó ń tàn padà lára rẹ̀ ló ń fi egungun ojú hàn. Ẹ gbé iná LED kan sí ẹ̀gbẹ́, kó gba inú aṣọ funfun tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà kọjá, ní ìwọ̀n mítà kan àti ààbọ̀ sí ojú òṣèré. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òrí púpọ̀ á jọ òógùn, ẹ pa ìyẹn mọ́ di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ òógùn. Ògiri funfun lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀tá yín, torí kámẹ́rà á máa wọn iná lára ògiri, ojú á sì ṣú. Ìlú alárọ sì ni wá: ẹ fi adìrẹ eléèlú tó ti gbó kọ́ sára ògiri náà. Èlú tó jinlẹ̀ máa ń gbé iná mì, ó sì tún ní àwọ̀, èyí tí aṣọ dúdú lásán kò ní.

Fún ìran ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, ẹ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ tiwa kúrú. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni ẹ ní kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi òṣèré dánra wò láti aago márùn-ún, kí lẹ́ńsì ti wà níbi tó yẹ. Ìran méjì ni ẹ lè rí yà, bí ẹ bá yára.

Ẹ ya férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú férémù kọ̀ọ̀kan, wà ní 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí rẹ̀ ni pé 50 Hz ni iná ìlú wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín 1/50, gílóòbù á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì géérégé, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ á dọ́gba. Àwọn tó ń ya 24 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yà á lókè òkun ló ń bọ̀ wá ráhùn pé ilà ń sáré lójú àwòrán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I better pass my neighbour tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: eré ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń pinnu Hz rẹ̀, eré náà sì ń yí padà nígbàkúùgbà tí ẹrù bá kún tàbí dín. Bátìrì àti ìnfátà ni kí ẹ fi tan gbogbo iná tó bá hàn nínú àwòrán. Jẹnẹrétọ̀ lè máa gba agbára sí bátìrì lójú ọ̀nà kejì.

Iná wẹ́dìn gan-an ni ìran tó rẹwà jù tí ẹ lè yà, òun náà ló sì léwu jù. Ẹni tó bá wò ó láìfi gíláàsì bojú kò ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i, omi á máa ṣàn, kò sì ní lè sùn. (Ẹ fi eléyìí sínú eré: alẹ́ tí ọkùnrin yẹn kò rí oorun sùn lè jẹ́ ti ojú, kó tún jẹ́ ti gbèsè.) Lójú iṣẹ́, wẹ́dà gidi ni kó jó irin, kì í ṣe òṣèré. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní gíláàsì nọ́ńbà 10 tàbí 11, ẹni tí kò bá ní kó kẹ̀yìn sí i. Kámẹ́rà náà nílò irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ tàbí fílítà ND (gíláàsì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) tó nípọn níwájú lẹ́ńsì. Síbẹ̀, iná náà yára ju kámẹ́rà lọ, ilà funfun lè gé àwòrán sí méjì níbi tí iná bá ti kọ. Ìdí nìyí tí a fi ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ ya ọwọ́ wẹ́dà gidi láti ọ̀nà jíjìn fún ìran méjì péré, kí ẹ wá fi LED aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnì kan ń fi páálí bò tó sì ń ṣí ní kíákíá, ṣe ìyókù lójú òṣèré. Pẹ̀lú ìró wẹ́dìn lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ìró yẹn mú wa dé orí ohùn, níbi tí fíìmù olówó kékeré ti ń kú. Òǹwòran á fara da àwòrán tí kò mọ́. Kò ní fara da ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, pàápàá ní èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà. Ẹ gbé búùmù, ìyẹn máìkì orí ọ̀pá, sókè orí òṣèré, kó má ju sẹ̀ńtímítà 60 lọ sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi máìkì kékeré kan sí abẹ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀wù àǹkárá tó ní táàṣì máa ń ha, ẹ fi plásítà lẹ máìkì mọ́ awọ ara. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni wàhálà ńlá: ẹ lọ bẹ onílé méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ san owó epo wọn fún wákàtí méjì tí wọ́n fi máa pa á. Ẹ má ya ọ̀rọ̀ ẹnu ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru wà káàkiri. Ẹ mọ àkókò ìrun ní àdúgbò tí ẹ wà, kí ẹ fi ṣe àkókò ìsinmi. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ìran ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ ya èyí tí kò ní ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó kúrò ní yàrá kankan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí ẹ gba ìdákẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Láìsí i, gbogbo ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀ ni etí á ti gbọ́ ihò.

Nípa ìpamọ́: kámẹ́rà tó ń ya 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá ń jẹ nǹkan bí 45 GB ní wákàtí kan. Ẹ ra dírááfù méjì, kí ẹ̀dà méjèèjì má sùn nílé kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a fẹ́ sọ láìfi bò. Bí ìtàn bá há mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má sáré lọ sí oògùn owó. Yàtọ̀ sí pé ìlànà tuntun ti dé ní 2024 láti dẹ́kun fíìmù tó ń polongo oògùn owó, ìpànìyàn fún ètùtù àti sìgá, ó tún ń ba ìtàn jẹ́: lọ́jọ́ tí wẹ́dà yín bá wọ ilé babaláwo pẹ̀lú igbá, gbogbo ìṣirò tí ẹ ti ń kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti di asán, torí pé ohun tí owó irin àti ọ̀sẹ̀ 24 ń ṣe sí ọkùnrin yẹn ti di iṣẹ́ èṣù. Ìwà ìkà tó wà nínú ìṣirò náà ni kí ẹ jẹ́ kí a rí. Sìgá náà, ẹ yọ ọ́. Ọwọ́ wẹ́dà tó ń gbọ̀n níbi tó ti ń ka owó ti tó.

Kí fíìmù tó jáde fún ará ìlú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ NFVCB, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì sọ ọjọ́ orí tó tọ́ sí. Ẹ fi oṣù kan sílẹ̀ fún ìyẹn nínú ètò yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ pe wẹ́dà márùn-ún àti obìnrin márùn-ún tó ń san owó ọ̀sẹ̀ wá sí yàrá kan. Ẹ fún wọn ní omi tútù, kí ẹ fi fíìmù náà hàn wọ́n, kí olùdarí jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Níbi tí wẹ́dà bá ti mi orí, tàbí tí obìnrin kan bá ti sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé wọn kì í ṣe é báyẹn, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà lọ gé e, tàbí kí ẹ tún un yà.

Àwa ẹ̀gbọ́n yín,
òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, Òṣogbo.